Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àwọn Júù?

Àbíkẹ́_Òṣogbo: Ẹ kú ilé o. Mo ń ka Òfin Mósè lọ́wọ́, mo dẹ̀ fẹ́ mọ báwọn Júù ṣe ń lò ó lójoojúmọ́, lórí owó iṣẹ́, ìgbéyàwó, àti kéèyàn máa dá ọmọnìkejì ẹ̀ lẹ́jọ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ kà?

Bàbá_Tóún: Àbúrò, Pirkei Avot ni o, ìwé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àwọn rábì. Inú Mishnah, ìyẹn àkójọ òfin àtẹnudẹ́nu àwọn Júù, ló wà, kò gùn rárá. Orí 1 ẹsẹ 6, Joshua ọmọ Perachyah ní kó o wá olùkọ́, kó o ní ọ̀rẹ́, kó o dẹ̀ máa fojúure wo gbogbo èèyàn tó o bá ń dá wọn lẹ́jọ́.

Ìyá_Ìbejì: Òótọ́ lẹ sọ sà, àmọ́ Avot nìkan ò tó, kó ka Talmud, ìyẹn ìjíròrò àwọn rábì lórí Mishnah, ìwé Shabbat, ojú ìwé 127b. Lébìrà kan láti Òkè Gálílì ṣiṣẹ́ ọdún 3 fún ọ̀gá kan, Ọjọ́ Ètùtù ku ọ̀la ló ní kí wọ́n fóun lówó òun kóun fi bọ́ ìyàwó àtọmọ. Ọ̀gá ní kò sówó. Irè oko ńkọ́? Kò sí. Ilẹ̀? Kò sí. Ẹran ọ̀sìn? Kò sí. Tìmùtìmù àti ìrọ̀rí? Kò sí! Ló bá gbé ẹrù ẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó fi ìbànújẹ́ lọ sílé. Lẹ́yìn àjọ̀dún, ọ̀gá fúnra ẹ̀ gbé owó náà lọ bá a, pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ 3 tó ru oúnjẹ, ohun mímu àti nǹkan dídùn, ó wá bi í pé kí lo rò sí mi lọ́jọ́ yẹn? Ó ní mo rò pé ẹ rí ọjà tó pọ́ọ́kú lẹ fowó rà á, pé ẹ ti fi ilẹ̀ háyà, pé ẹ ò tíì san ìdámẹ́wàá irè oko. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó ló ń rò báyẹn o! Diutarónómì 24:15, tó ní kí wọ́n san owó alágbàṣe lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́ gan-an kí oòrùn tó wọ̀, wà lẹ́yìn ẹ̀, síbẹ̀ kò pe ọ̀gá lólè.

Ṣégun_ìwé: Fún ìgbéyàwó, ẹ lọ ka nípa ketubah. Ìwé àdéhùn tí ọkọ ń fún ìyàwó nìyẹn, ẹlẹ́rìí méjì á fọwọ́ sí i, iye tó máa gbà tọ́kọ bá kọ̀ ọ́ tàbí tó kú wà níbẹ̀. Mishnah ní 200 zuz (owó fàdákà ayé àtijọ́) fún wúńdíá, 100 fún opó. Nígbà tó wá di nǹkan bí ọdún 1000, rábì kan tó ń jẹ́ Rabbenu Gershom ní Mainz ní Jámánì fòfin dè é pé ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ kọ ìyàwó tí ìyàwó ò bá gbà. Shulchan Aruch, ìwé òfin àwọn Júù tí Joseph Karo kọ, ẹ fìyẹn sílẹ̀ ná, ó pọ̀. Gbogbo èyí tá a kà sílẹ̀ yìí wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Sefaria.

Àbíkẹ́_Òṣogbo: Ẹ ṣé gan-an, Shabbat 127b ni màá kọ́kọ́ ṣí. Màmá Ìbejì, kí lọ̀gá wá sọ?

Ìyá_Ìbejì: Ó búra pé bó ṣe rò ó gẹ́lẹ́ ló rí. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ gbogbo dúkìá ẹ̀ fún Ọlọ́run torí ọmọ ẹ̀ Hyrcanus tí ò kọ́ Torah (Òfin Mósè), ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní gúúsù ni wọ́n tó tú ẹ̀jẹ́ náà fún un.