Fọ́tò àti orúkọ inú fídíò mi ń rìn bí ẹ̀rọ: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Ọmọ Wándó, Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Fídíò ìsìnkú ìyá àgbà kan ló wà lọ́wọ́ mi: ìṣẹ́jú mẹ́ta, fọ́tò 24, àti kílíìpù díẹ̀ tí àwọn ọmọ fi fóònù yà. DaVinci Resolve ọ̀fẹ́, sọ́fítíwíà àtúntò fídíò, ni mo ń lò. Image clé (keyframe, àmì tó ń sọ ibi tí nǹkan wà tàbí bó ṣe tóbi tó ní àkókò kan) méjì ni mo fi sí fọ́tò kọ̀ọ̀kan kó lè máa tóbi díẹ̀díẹ̀, mo sì jẹ́ kí orúkọ ìyá wọlé láti apá òsì. Ó ń rìn lóòótọ́, àmọ́ bí ẹ̀rọ ló ń rìn. Orúkọ á kàn ta wọlé, á sì dúró gbagidi. Àwọn fọ́tò kan ń gbọ̀n. Kílíìpù fóònù ń já ní tirẹ̀. Ẹ gbà mí o.

Ará Ìdènà, Kétu
Ọ̀ràn mẹ́ta lẹ kó pa pọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá fídíò ló ń já lóòótọ́ tàbí kọ̀ǹpútà ni kò lè sáré tó. Ẹ gbé ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré jáde, kí ẹ wò ó lórí fóònù. Bó bá ń lọ geere níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ló rẹ̀. Ẹ lọ sí Playback, kí ẹ fi Render Cache sí Smart, kí ẹ sì dúró kí ìlà pupa orí timeline (ibi tí ẹ to àwọn kílíìpù sí) di búlúù kí ẹ tó tún un wò. Ohun tí kò bàjẹ́ lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi odindi òwúrọ̀ tún ṣe.

Ó kan orúkọ. Image clé méjì lásán, ìrìn ọgbọọgba ni. Zémíjàn (ọ̀kadà) tó ń kúrò ní oríta kì í bẹ̀rẹ̀ ní eré tó máa bá dé ọ̀nà tààrà, kì í sì í dúró láìtẹ bíréèkì. Ká ní orúkọ yẹn fẹ́ rin píkísẹ́lì (ẹyọ tó kéré jù nínú àwòrán) 300 nínú fíréèmù 10, ìyẹn àwòrán 10 tó ń tẹ̀lé ara wọn nínú fídíò. Ní ọgbọọgba, 30 ni fíréèmù kọ̀ọ̀kan títí dé òpin, ó wá dúró lójijì. Bí ẹ bá jẹ́ kí ìlà tó ń fi ìrìn rẹ̀ hàn tẹ̀, kó má gún mọ́, á di 8, 23, 34, 41, 44, 44, 41, 34, 23, 8. Àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 300, àkókò kan náà ni. Àmọ́ 8 tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí yẹn ló ń jẹ́ kí ojú gbà pé nǹkan náà wúwo.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: àmì kékeré kan bí ìlà tó tẹ̀ wà nísàlẹ̀ kílíìpù lórí timeline, lápá ọ̀tún. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Position X (ibi tó wà láti òsì sí ọ̀tún), ẹ tẹ image clé, kí ẹ sì yan irú ìlà tó tẹ̀ nínú àwọn àmì òkè rẹ̀. Ọwọ́ kékeré á yọ, òun lẹ máa fà. Bó bá jẹ́ inú Fusion (apá Resolve fún ìrìn àwòrán) ni, ẹ ṣí Spline (ibi tí àwọn ìlà náà wà), ẹ yan àwọn image clé náà, kí ẹ tẹ Shift àti S. Ó tán.

Ìyá Elétò, Ṣábẹ̀ẹ́
Mo bá Ará Ìdènà lọ títí dé ibi 8 ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Ìta ojú fídíò ni orúkọ ti ń bọ̀, ta ló ń rí i níbẹ̀? Bí ẹ bá jẹ́ kó rọra gbéra, ńṣe ló kàn máa pẹ́ kó tó yọjú. Ohun tó ń wọlé, ìparí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ rọ̀: ẹ fa ọwọ́ image clé kejì gùn dé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀nà, kí ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tó ń jáde, ẹ ṣe òdì kejì rẹ̀. Fíréèmù 12 sí 15 tó fún wíwọlé, 8 tó fún jíjáde. Bí orúkọ bá pé ìlà mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ìlà kọ̀ọ̀kan fi fíréèmù mẹ́ta tẹ̀lé èyí tó ṣáájú. Kí gbogbo rẹ̀ má wọlé lẹ́ẹ̀kan bí ilẹ̀kùn.

Ní ti fọ́tò, ìbéèrè ni mo ní. Báwo lẹ ṣe ṣe skáánì wọn?

Ọmọ Wándó, Àjàṣẹ́
300 dpi (iye píkísẹ́lì nínú íǹṣì kan) ni, Mà. Fọ́tò sẹ̀ǹtímítà 10 × 15 ló pọ̀ jù.

Ìyá Elétò, Ṣábẹ̀ẹ́
Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Fọ́tò 10 × 15 ní 300 dpi, píkísẹ́lì 1772 ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn. Fídíò yín fẹ̀ tó píkísẹ́lì 1920. Kí ẹ tó fẹ̀ ẹ́ rárá, ó ti kéré. Ẹ tún un ṣe ní 600, ẹ máa rí 3543, ẹ sì lè fẹ̀ ẹ́ dé bí ìlọ́po 1.8 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì.

Gbígbọ̀n tún yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ wo gèlè ìyá nínú fọ́tò ńlá. Bí ọnà rẹ̀ bá wẹ́, tí ẹ sì sọ fọ́tò náà di kékeré, àwọn ìlà tín-ín-rín yẹn á máa tàn á máa kú bó ṣe ń rìn. Ẹ fi blur (ohun tó ń mú àwòrán ṣe bàìbàì) tó kéré gan-an sí i, ìdajì píkísẹ́lì sí ẹyọ kan, ó máa ń kú síbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó falẹ̀ jù. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá lọ láti ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún dé 104 nínú ìṣẹ́jú-àáyá 10, etí fọ́tò kò rìn tó ìdá kan nínú mẹ́fà píkísẹ́lì kan ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Láti 100 dé 110 nínú ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ló dára.

Bí ẹ bá fẹ́ fẹ̀ ẹ́ gan-an, 100 dé 200, ìlà tó gún fúnra rẹ̀ á tan yín jẹ. Ojú á rí i pé ó ń sáré níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń lọ, nítorí pé kí 100 di 101 ju kí 199 di 200 lọ. Ẹ fi image clé kẹta sí àárín gan-an, kí ẹ sì kọ 141 síbẹ̀, kì í ṣe 150.

Atọ́kùn Fíréèmù, Àjàṣẹ́
Ọ̀rọ̀ kílíìpù fóònù kò sí lọ́wọ́ image clé rárá. Fóònù ń ya bí fíréèmù 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iye náà sì ń yí bí ìmọ́lẹ̀ bá dín. Bí timeline yín bá jẹ́ fíréèmù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, sọ́fítíwíà ní láti ju ẹyọ kan nù nínú mẹ́fà-mẹ́fà. Ìyẹn ni jíjá tí ẹ ń rí. Ẹ kọ́kọ́ gba kílíìpù náà kọjá HandBrake (sọ́fítíwíà tó ń yí fídíò padà), ẹ yan Constant Framerate (kí iye fíréèmù má yí) àti 30, kí ẹ wá ṣí iṣẹ́ tuntun tó jẹ́ 30. Ẹ ṣe é kí kílíìpù kankan tó wọlé, torí Resolve kì í gbà kéèyàn yí nọ́ńbà yẹn padà lẹ́yìn náà.

Ẹ fi motion blur (bàìbàì tí ìrìn ń fà) sí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú. Òun ló ń jọ kámẹ́rà.

Ìyá Elétò, Ṣábẹ̀ẹ́
Sí gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ o. Fọ́tò tó ń rin ìdajì píkísẹ́lì, kí ni blur fẹ́ ṣe níbẹ̀ ju kó dá kọ̀ǹpútà dúró? Orúkọ tó ń sáré nìkan ló nílò rẹ̀.

Atọ́kùn Fíréèmù, Àjàṣẹ́
Òótọ́ ni, mo gbà. Orúkọ nìkan. Nínú Fusion, ẹ tẹ Transform, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ mú Motion Blur. Shutter Angle (bí bàìbàì náà ṣe máa gùn tó) kó wà ní 180. Ẹ gbé Quality kúrò ní 2 lọ sí 8, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa rí ẹ̀dà orúkọ tó tò lẹ́yìn ara wọn dípò kó ṣe bàìbàì. Bí ẹ bá sì fi Angle sí 360, lẹ́tà kò ní ṣeé kà títí á fi dúró.

Ọmọ Wándó, Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun púpọ̀, orúkọ ti wọlé bó ṣe yẹ. Ó ku ẹyọ kan. Fọ́tò kan gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó lọ sápá ọ̀tún. Image clé kìíní àti ìkejì, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ní. Síbẹ̀ ó ń rọra sún sápá òsì kó tó gbéra.

Ará Ìdènà, Kétu
Ọwọ́ image clé kejì ló wálẹ̀. Ẹ ti tẹ ìlà gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìlà àárín méjèèjì sì di kòtò. Ẹ ṣí i, ẹ máa rí kòtò náà kedere. Ẹ fa ọwọ́ tó kọjú sí image clé kìíní kó dọ́gba pẹrẹsẹ, tàbí kí ẹ sọ ìlà àárín àwọn méjèèjì di gígún. Ẹ má fọwọ́ kan ọwọ́ apá kejì, òun ló ń jẹ́ kó rọra gbéra.

Ọmọ Wándó, Àjàṣẹ́
Kòtò ọ̀hún nìyẹn lóòótọ́. Ó ti dúró.