Ọjọ́ 19 tí ẹ̀yáwó ò fi jáde: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Iléṣà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo ń ṣe akọ̀wé fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí. Ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wa, àwọn olùkọ́ díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tójú wa rí nítorí áàpù kan, kí ẹni tó bá ń gbèrò láti ṣe tirẹ̀ lè fojú sílẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló bá wa kọ áàpù náà. Ọmọ dáadáa ni, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọmọ ẹgbẹ́ á béèrè ẹ̀yáwó lórí fóònù, onídùúró méjì á fọwọ́ sí i, èmi á yẹ ìwé wò, alága á fàṣẹ sí i, akápò á sanwó. Ọdún kan ààbọ̀ la fi lò ó tí gbogbo nǹkan ń lọ geere. Ìgbà tó yá, ọmọ náà rí físà gbà, ó kọrí sí Kánádà. Kò ju oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn lọ tí ara alága wa ò yá, tí wọ́n dá wọn dúró sí ọsibítù.

Òfin ẹgbẹ́ wa sọ ọ́ kedere: bí alága ò bá sí nílé ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, igbákejì wọn lè fàṣẹ sí ẹ̀yáwó. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú wa. Áàpù nìkan ni ò mọ̀. Nọ́ńbà fóònù alága ni ọmọ yẹn kọ mọ́ inú rẹ̀, orí nọ́ńbà yẹn nìkan lèèyàn ti lè fàṣẹ. Ni ẹ̀yáwó 34 bá so rọ̀ síbẹ̀. Màmá kan tí wọ́n ń ta epo pupa lọ́jà Atákúnmọ́sà fẹ́ yá ₦300,000 kí wọ́n fi kó epo pamọ́ kó tó wọ́n. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á na fóònù sí mi: "Akọ̀wé, bá mi wò ó, ṣé ó ti kúrò níbi tó wà lánàá?" Kò kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ 19 gbáko. Nígbà tá a fi gbé lẹ́jà àtijọ́ jáde tá a fọwọ́ sanwó, epo ti gbówó lórí.

Èyí tó dùn mí jù nìyí o. A wá ẹlòmíràn tó máa bá wa tún áàpù ṣe, ó ní ká kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ẹ̀yáwó ṣe ń rìn lọ́dọ̀ wa. Kálukú ń wojú ara wọn. Èmi sọ tèmi, igbákejì alága ní kò rí bẹ́ẹ̀. Inú áàpù ni ètò iṣẹ́ wa ń gbé láti ọjọ́ yìí wá, ẹni tó sì lè kà á níbẹ̀ ti rìnrìn àjò.

Bàbá bàbá mi ṣe òṣómàáló. Wọ́n ń kiri aṣọ ní ìlú onílùú, wọ́n ń tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Iye àsansílẹ̀, ọjọ́ ìpadàwá, ẹni tó dúró fún ẹni, orí ni wọ́n fi ń pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Nígbà tó kan bàbá mi, inú ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ohun tí wọ́n fi gbé e yàtọ̀, ètò náà ò yí padà. Àwa tá a kàwé jù wọ́n lọ la wá jẹ́ kí irinṣẹ́ gbé ètò wa mì.

Ní Sátidé kan, a ra kádíbọ́ọ̀dù funfun mẹ́rin, a lẹ̀ wọ́n pọ̀, a tẹ́ wọn sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìpàdé. A pín in sí ọ̀nà márùn-ún: ọmọ ẹgbẹ́, onídùúró, akọ̀wé, alága, akápò. Ibi tí iṣẹ́ bá ti lè yà, a yà á bí oríta, a kọ ìbéèrè sí i: ṣé ìfowópamọ́ rẹ̀ tó ìdajì ohun tó fẹ́ yá? Ṣé alága wà nílé? A ò dárúkọ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rárá. Ó gbà wá ní wákàtí mẹ́rin, ariwo sì wà ńbẹ̀.

Nígbà tá a dé ọ̀nà akápò, mo ti fẹ́ kọ "sanwó" kí n sì fàlà sí i. Màmá akápò bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Dúró ná. Mo kọ́kọ́ máa ń pe onídùúró." Mo ní ṣebí ó ti fọwọ́ sí i lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ṣé o mọ ẹni tó mú fóònù rẹ̀ dání ni? Mo máa ń pè é kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀." Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí nínú òfin ẹgbẹ́, kò sí nínú áàpù. Ká ní wọ́n gbé ipò sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni, iṣẹ́ yẹn ti bá wọn lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

Aránṣọ, Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ìnira o, ẹ̀gbọ́n. Tèmi ò tó tiyín. Áàpù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni mo gbà. Kò ní ṣí iṣẹ́ tuntun fún èèyàn àfi tó bá ti san gbogbo owó. Aṣọ ẹbí ni mo ń rán jù, ẹ sì mọ bó ṣe rí: mo lè wọn ogún èèyàn lónìí, kí aṣọ má tíì dé, kí àsansílẹ̀ máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Mo wá ń purọ́ fún áàpù, mò ń kọ owó tí n ò gbà sínú rẹ̀ kó lè jẹ́ kí n kọ ìwọ̀n oníbàárà. Ìparí oṣù, ìṣirò dojú rú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọmọ iṣẹ́ mi jà lórí ₦40,000 tí kò sí níbì kankan.

Mo kọ ètò tèmi sára ògiri báyìí, láti orí ìwọ̀n títí dé ọjọ́ gbígbé. Áàpù ń tọ́jú ìwọ̀n, ó ń rán mi létí ọjọ́. Ó parí.

Ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, ohun tẹ́ ẹ yà sórí kádíbọ́ọ̀dù yẹn ní orúkọ lágbo tiwa. Àmì kan wà tí wọ́n fi ń yà á káàkiri ayé, BPMN (Business Process Model and Notation) ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2004 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde. Object Management Group, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣètò òṣùwọ̀n fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, gbé ẹ̀dà 2.0 jáde ní 2011, ó sì di òṣùwọ̀n àgbáyé ní 2013, nọ́ńbà rẹ̀ ni ISO/IEC 19510. Roboto tí etí rẹ̀ tín-ín-rín ni ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí etí rẹ̀ nípọn ni òpin, àpótí tí igun rẹ̀ ò mú ni iṣẹ́. Oríta tiyín, dáyámọ́ńdì ni wọ́n fi ń yà á. Àní ọ̀nà márùn-ún tẹ́ ẹ pín in sí, ó wà níbẹ̀.

Láti ẹ̀dà 2.0, àwòrán yẹn gan-an ni sọ́fítíwíà bíi Flowable tàbí jBPM lè kà, kó sì máa tẹ̀ lé e. Bí òfin bá yí, àwòrán lẹ máa tún yà, ojú ewé tí ọmọ ẹgbẹ́ ń rí lórí fóònù lè má yí padà rárá. Ẹ̀yáwó tó bá ti wà lójú ọ̀nà máa ń parí lórí àwòrán àtijọ́, àfi tẹ́ ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé e bọ́ sórí tuntun. Ẹ fi yé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àríwísí.

Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe tí ọmọ tó lọ sí Kánádà yẹn ṣe. Mo ti kọ orúkọ ọ̀gá mọ́ inú iṣẹ́ oníbàárà rí nítorí ó yá jù bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, "ẹni tó wà nípò alága" ni mo ń kọ. Nǹkan míì tí mo ń ṣọ́ ni pé kí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà má wọ àwòrán. "Akápò pe onídùúró" gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. "Bí SMS ò bá lọ, tún un rán lẹ́ẹ̀mẹta", ìyẹn jẹ́ ti sọ́fítíwíà. Tó bá wọ àwòrán, Màmá akápò ò ní lè kà á mọ́.

Fún ẹgbẹ́ tó mọ níwọ̀n, Excel gan-an lè gbé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ohun ńlá fún yín.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Iléṣà

Ẹ ṣeun gan-an, àbúrò. Excel náà la ṣì ń lò báyìí, kádíbọ́ọ̀dù wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Oṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ sọ ọ́ di onídùúró mẹ́ta fún ohun tó bá ju ₦500,000 lọ. Báírò pupa ni mo fi fi oríta kan kún un, iṣẹ́ ń lọ.

Màmá elépo wá lánàá. Wọ́n dìde lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi ìka tọ ọ̀nà náà látòkè délẹ̀, wọ́n dúró níwájú àpótí onídùúró. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, bí ẹni tó dúró fún mi bá kú, tí n ò tíì san án tán ńkọ́?" Mo wo òfin ẹgbẹ́, kò sí níbẹ̀. Mo bi Màmá akápò, wọ́n ní kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú wọn rí. Mo ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ ìbéèrè náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹn, òun la máa kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò nípàdé Sátidé.