"Ìwọgbà", kì í ṣe "ìráàyè": ọ̀rọ̀ tó yẹ rélùwéè tó dé yunifásítì

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀, fún ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀, lórí orúkọ tí a ó fún bí èèyàn ṣe ń fi rélùwéè dé ọgbà yunifásítì: "ìráàyè sí yunifásítì", "ìwọlé sí yunifásítì", àti "ìdọ́gbà", èyí tí ẹni tó mú un wá hun láti inú "dé ọgbà". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe wọ́n kí n tó fi tèmi lélẹ̀.

"Ráàyè" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrìn. Ẹni tó ní òun ò ráàyè, iṣẹ́ ló dí i lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n fún láàyè, àṣẹ ló gbà. Rélùwéè lè dá èrò sọ́nà jíjìn, kí ọ̀nà ibẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní ká má wọlé. "Ìwọlé" tilẹ̀ ń ṣini lọ́nà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdánwò àṣewọlé ni gbogbo ọmọ ilé-ìwé mọ̀. Tí ìwé ìròyìn bá kọ ọ́ pé "Ìwọlé sí yunifásítì ti rọrùn sí i", ohun tí òǹkàwé máa gbọ́ ni pé wọ́n ti dín máàkì kù. Ní ti "ìdọ́gbà", àmì ohùn kan ṣoṣo ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára "ìdọ́gba", bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sọ́rọ̀ lórí fóònù. Àkọlé tó bá ní "idogba" fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀tọ́ ni wọn yóò rò pé à ń jà fún.

Ohun tí mo dábàá ni "ìwọgbà". A ní wọlé, wọgbó, wọkọ̀. "Wọgbà" kò ní ṣàjèjì létí ẹnikẹ́ni. Ìtumọ̀ tí mo fẹ́ kó ní nìyí: gbogbo ohun tó wà láàárín ìgbà tí ilẹ̀kùn rélùwéè ṣí àti ìgbà tí èèyàn dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Kì í ṣe títí dé géètì o. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká takú sí.

Àwọn tó ń ṣètò ọ̀nà fẹ́ràn láti fa ìlà róbótó yí téṣàn ká lórí máàpù, mítà 800 síhìn-ín, mítà 800 sọ́hùn-ún, kí wọ́n sì sọ pé gbogbo ilé tó bọ́ sínú rẹ̀ wà nítòsí. Lóòótọ́, ẹni tó ń rin mítà 80 ní ìṣẹ́jú kan yóò fi ìṣẹ́jú 10 rin mítà 800, tí ọ̀nà bá tọ́ tààrà. Ṣùgbọ́n ọgbà yunifásítì ní odi, ó ní géètì tí wọ́n ń tì lálẹ́, ó sì sábà máa ń ní títì ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a gbọ́dọ̀ dúró de iná kí a tó sọdá. Ìlà róbótó kò mọ ìkankan nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ìwọgbà bó ṣe yẹ, kó bẹ̀rẹ̀ láti àárín pèpéle tí èrò ń bọ́ sí, kì í ṣe láti ẹnu ọ̀nà àbájáde téṣàn. Kó ka iye ìṣẹ́jú tí àtẹ̀gùn tàbí lífítì gbà. Kó sọdá níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá ní tòótọ́, kó sì dé kíláàsì mẹ́ta ó kéré tán: èyí tó sún mọ́ jù, èyí tó jìnnà jù, àti èyí tí èrò pọ̀ sí jù. Kó tún un rìn lálẹ́, nígbà tí wọ́n ti ti géètì ẹlẹ́sẹ̀. Kó wá rìn ín lẹ́ẹ̀kẹta láìgun àtẹ̀gùn kankan, torí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn. Bó bá jẹ́ pé lífítì kan ṣoṣo ló wà, tó sì bàjẹ́, ìwọgbà onítọ̀hún ti di òdo lọ́jọ́ náà, téṣàn ìbáà wà lábẹ́ kíláàsì rẹ̀.

Àpẹẹrẹ wà. Téṣàn HKU (University of Hong Kong) ní Hong Kong, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, jìn tó nǹkan bíi mítà 70 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Lífítì ló ń gbé èrò gòkè dé ọgbà yunifásítì náà. Lórí máàpù, kò sí ìrìn kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tò de lífítì mọ̀ pé ìrìn wà, òkè ló forí lé. Ní Hong Kong kan náà, téṣàn mìíràn ń jẹ́ University lásán, ti Chinese University of Hong Kong ni. Orí òkè ni ọgbà yẹn wà, bọ́ọ̀sì ọgbà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀ gòkè láti téṣàn. Orúkọ yunifásítì tó wà lára téṣàn kò tíì sọ bí ìwọgbà ṣe rí.

Ẹ tún wo Seattle ní Amẹ́ríkà. Téṣàn University of Washington ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 2016 ní igun ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré Husky Stadium, afárá ẹlẹ́sẹ̀ sì gba orí títì Montlake kọjá kí èèyàn má baà bá mọ́tò du ọ̀nà. Ìgbà tí téṣàn U District ṣí ní 2021 ni ìhà ìwọ̀-oòrùn ọgbà náà tó ní tirẹ̀. Ọgbà kan, ìwọgbà méjì. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi "ìráàyè" sọ gbólóhùn yẹn.

Ẹnìkan fẹ́ ká máa lo "ibùsọ̀" dípò "téṣàn". Ọ̀rọ̀ tó dùn ni, torí ibi tí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni ibùsọ̀, èrò náà sì ń sọ̀ níbẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé a ti fi ibùsọ̀ ka máìlì pẹ́. "Ibùsọ̀ 2 ló kù sí yunifásítì": ṣé máìlì 2 ni àbí ibi ìdúró 2? Nínú ìtọ́sọ́nà fún èrò, irú iyèméjì bẹ́ẹ̀ kò dára. "Ibùdókọ̀" ńkọ́? Bọ́ọ̀sì ló wá sọ́kàn. Téṣàn ni kí ó máa jẹ́. Ìdí yìí kan náà ló mú mi kọ̀ láti lo "ibùsọ̀ ìkẹyìn" fún ìrìn tó kù lẹ́yìn téṣàn. Ìrìn ọ̀hún kì í sábà tó máìlì. "Àrìnparí" ló bá a mu, ó sì gba ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti bọ́ọ̀sì ọgbà mọ́ra.

Lórí "ọkọ̀ ojú irin", mo rò pé "rélùwéè" ni kí á dì mú níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ní Morgantown, ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kéékèèké aláìláwakọ̀ ti ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ West Virginia University láti 1975, téṣàn 5 ló ní, bẹ́ẹ̀ taya rọ́bà ló fi ń sáré lórí ọ̀nà kọnkéré. Métrò (rélùwéè abẹ́ ilẹ̀) Montreal ní Kánádà, tó ní téṣàn Université-de-Montréal, taya rọ́bà lòun náà ń lò. Irin kò sí nínú "rélùwéè" létí Yorùbá, nítorí náà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yéé kọ "rélùwéè ìmọ́lẹ̀" fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "light rail". Iná kọ́ ni wọ́n ń sọ. "Fífúyẹ́" sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe pé a gbé ọkọ̀ náà lé òṣùwọ̀n. Èrò tó ń kó kò pọ̀ tó ti rélùwéè ńlá, ó sì lè bá títì rìn. "Rélùwéè ìgboro" ló sọ ohun tó ń ṣe. Irú rẹ̀ ni Green Line ní Minneapolis, ní Amẹ́ríkà, tó ń gba Washington Avenue kọjá láàárín ọgbà University of Minnesota láti 2014. Wọ́n lé mọ́tò àdáni kúrò lójú títì náà kí ọkọ̀ yìí, bọ́ọ̀sì àti ẹlẹ́sẹ̀ lè ráyè.

Bí rélùwéè bá wọgbà tó báyìí, ìṣòro mìíràn á yọjú. Gbígbọ̀n rẹ̀ ń gba ilẹ̀ dé yàrá ìwádìí, iná tó ń gba irin padà sì ń dá agbára òòfà sílẹ̀ tó ń yí padà bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá. Máíkírósíkóòpù elẹ́kítíróọ̀nù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ohun tíntìntín, kò lè fara da ìkankan nínú méjèèjì. Yunifásítì Minnesota àti ti Washington yìí ló bá àwọn tó ń ṣe ọ̀nà fa ọ̀rọ̀ náà gan-an. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n to irin sórí kọnkéré tó jókòó lé rọ́bà, kí ọkọ̀ dín eré kù, tàbí kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sílé mìíràn. Ẹni tó dábàá "ìmìtìtì" fún gbígbọ̀n yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀ fún ilẹ̀ tó ń mì tí ilé ń wó. "Gbígbọ̀n" ti tó.

Fún ìwé atúmọ̀, gbólóhùn àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kó wà lábẹ́ "ìwọgbà" rèé: "Téṣàn náà wà lẹ́bàá odi, ṣùgbọ́n ìwọgbà rẹ̀ ń gba ìṣẹ́jú 14 lálẹ́, torí géètì ẹlẹ́sẹ̀ máa ń wà ní títì lẹ́yìn aago 7."