Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni ká máa wò lára alángbá ká tó mọ ìdílé rẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Ìgbógbó
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ní Sátidé tó kọjá, Kẹ́hìndé ọmọ mi gbé pákó kan lẹ́yìnkùlé wa ní Ìgbógbó, Ìkòròdú, ni nǹkan kan bá yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á lára, ọrùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ara rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrú gan-an. Aládùúgbò wa pariwo pé "Ọmọ ejò!", ó sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa. Kẹ́hìndé sunkún títí. Ó ní irú alángbá kan ni, pé òun rí ihò etí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ní ìwé kan tó fẹ́ máa kọ àwọn alángbá àdúgbò wa sí ní ìdílé-ìdílé. Èmi ló ń bi, èmi ò sì mọ̀ ju alángbá àti ọmọńlé lọ. Kí ni kó máa wò? Kí ni kí n rà fún un?

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Àwọ̀ ni kó máa wò, mà. Olórí pupa ni alángbá, eléérú ni ọmọńlé, aláwọ̀ ewé ni ọ̀gà.

Tíṣà_Ìmọ̀_Ẹ̀dá
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Akọ alángbá tí orí rẹ̀ pọ́n lọ́sàn-án, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lálẹ́ níbi tó sùn sí, àwọ̀ yẹn á ti ṣá. Abo rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kì í tilẹ̀ ní orí pupa. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ni Kẹ́hìndé ń wò, yóò pín bàbá, ìyá àti ọmọ sí ìdílé mẹ́ta. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ara wọn la gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò dáadáa.

Ojú ni kó kọ́kọ́ wò. Ọmọńlé, ìdílé Gekkonidae, kò ní ìpéǹpéjú. Ìpẹ́ kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì ló bo ẹyinjú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ ahọ́n nu ojú ara rẹ̀. Ọmọlójú rẹ̀ máa ń sún kì, á tín-ín-rín lóòró tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀. Alángbá, ìdílé Agamidae, ní ìpéǹpéjú, ó sì ń ṣẹ́jú. (Àwọn ìbátan ọmọńlé kan wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, onírù sísanra, tí wọ́n ní ìpéǹpéjú. Ìdílé tiwọn lọ́tọ̀ ni Eublepharidae.)

Lẹ́yìn náà, ìka ẹsẹ̀. Ẹ fi ike tó mọ́ gaara dé ọmọńlé mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó gun ara ike náà, kí ẹ wá wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìta. Ẹ ó rí àwọn ìlà tó tò léra bí ojú ewé ìwé. Irun tí ojú lásán kò lè rí ló kún orí wọn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ti irú ńlá kan ní Éṣíà, tí wọ́n ń pè ní tokay, ní tó 500,000. Lọ́dún 2000 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà wọn agbára tí ẹyọ kan nínú irun yẹn fi ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Irun yìí ni ọmọńlé fi ń rìn lórí àjà, kò ní gọ́ọ̀mù kankan lẹ́sẹ̀. Dídá ọ̀gà mọ̀ kò le rárá: ìka rẹ̀ pín sí mẹ́ta níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, bí ẹ̀mú, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ń yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Èyí tí wọ́n pa lójú Kẹ́hìndé, ìdílé Scincidae ni. Ìpẹ́ wọn ń dán, ó ń yọ̀, ó tò léra bíi ti ẹja. Ti alángbá le ní tirẹ̀, ó sì ń ha èèyàn lọ́wọ́. Ejò kò ní ihò etí, kò sì lè ṣẹ́jú. Ọmọ yín jàre.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Ẹ ṣé, Tíṣà. Mo ti gbà.

Àgbẹ̀_Èjìnrìn
Ẹ má gbàgbé awọ́nríwọ́n o, ìdílé Varanidae. Etí ọ̀sà ni mo ti ń sin adìẹ, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan ń bọ̀ wá jí ẹyin. Ahọ́n rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí lábẹ́ ọgbà: ó là sí méjì lẹ́nu bíi ti ejò, ó ń fi tọ́ ilẹ̀ wò, ó ń fà á padà. Ọrùn rẹ̀ gùn, ìrù rẹ̀ sì pẹlẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òun ló fi ń wẹ̀. Àgbà nínú wọn lè gùn ju mítà 2 lọ. Ìrù ọmọńlé tó bá já á tún hù, ti awọ́nríwọ́n kì í hù mọ́. Kí ọmọ má sún mọ́ ọn, ó ń fi ìrù na èèyàn bí ẹgba. Ẹ lè rí i lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbi tí wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́, ó sàn kó rí i létí omi, kó jókòó síbi tó jìnnà díẹ̀.

Alágbọn_Àgbádárìgì
Ní ti rírà: awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, rúlà, ìwé àti pẹ́ńsù. Kó ya fọ́tò orí láti ẹ̀gbẹ́, ya ẹsẹ̀, ya ìrù, kó fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e sórí iNaturalist, ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún dídá ẹ̀dá mọ̀, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n á bá yín wò ó. Ọmọńlé kò ní oró, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà á. Àmọ́ kó fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kan èyíkéyìí, nítorí kòkòrò Salmonella tó máa ń wà lára wọn.

Ìyá_Ìbejì_Ìgbógbó
Ọlọ́run á san yín lóore. Láàárọ̀ yìí a tún rí òmíràn tó ń dán lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. A jókòó, a ò mira. Ó ṣẹ́jú! Ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ló gbé sókè, kì í ṣe ti òkè bíi tiwa. Mo lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò wa, mo ní kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn. Wọ́n tẹ ìbàdí, wọ́n wò ó títí tó fi wọlé sábẹ́ ewé, wọ́n sì bi Kẹ́hìndé pé kí lorúkọ rẹ̀.