Ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Ìsánlú:
Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Nígbà tí mo ń kàwé ní Ìlú Ọba, wọ́n ń wá àwọn tó ní láísẹ́ǹsì fún ìwádìí lórí ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀. Owó díẹ̀ wà níbẹ̀, ni mo bá lọ. Inú yàrá ni ọkọ̀ náà dúró sí, ara ògiri ni wọ́n ń tan títì sí bíi sinimá. Wọ́n ní kí n máa kàwé, kí ọkọ̀ máa sáré lọ. Tó bá ti dún, kí n gba sítíárì.

Ìwé wo? Èmi tí mo ti bá tírélà sìmẹ́ǹtì du ọ̀nà láti Ọbajánà dé Kàbà! Ojú mi ń wo ìwé, ẹsẹ̀ mi ò kúrò lórí bíréèkì. Ọmọ òyìnbó tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní kí n fara balẹ̀. Ara ò balẹ̀ o.

Ohun tí wọ́n ń wá gan-an ni bó ṣe ń pẹ́ tó kí ọkàn tó ti lọ tó padà dé. Láti 1983 ni Lisanne Bainbridge, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti kọ ọ́ pé bí ẹ̀rọ bá ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn tó, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó kù fún un á ṣe máa le sí i. Ẹ wo ti Tempe ní Arizona, oṣù kẹta 2018: ọkọ̀ Uber tí wọ́n ń dán wò pa obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá títì lóru. Ẹ̀rọ ti rí i ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5 ṣáájú, ó kàn ń yí èrò padà lórí ohun tó rí ni. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ọkọ̀ ń wo fóònù.

Awakọ̀ Tírélà, Kàbà:
Ẹ̀gbọ́n, sìmẹ́ǹtì yẹn ni mò ń kó. Tí ẹni ẹ̀yìn bá fẹ́ kọjá, tí iwájú sì mọ́, màá tan tiráfíkétọ̀ ọ̀tún fún un. Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, tòsì. Kò sí níwèé o. Ọmọdé kan rò pé mo fẹ́ yà sọ́tùn-ún ni, ó tẹ̀ lé mi títí a fi wọ Kàbà. Ta ló máa kọ́ ẹ̀rọ yín nìyẹn?

Ọmọ Ìsánlú:
Ọ̀gá mi, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Tí kò bá sí awakọ̀, ojú ta ni ẹlẹ́sẹ̀ fẹ́ wò? Ní 2017, ní Arlington ní Virginia, àwọn olùwádìí yunifásítì Virginia Tech àti Ford fi aṣọ tó jọ àga mọ́tò bo awakọ̀, kó lè dà bíi pé kò sí ẹnì kankan nídìí sítíárì, wọ́n wá ń tan iná lókè gíláàsì iwájú láti wo ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ á ṣe.

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà:
Àga ń wakọ̀! Tèmi kékeré ni. Tókùnbọ̀ tí mo rà, tí mo bá ti yà fún kòtò níbi tí ìlà funfun ṣì hàn, sítíárì á gbọ̀n, á tún dún. Tó bá ṣe díẹ̀, á gbé àwòrán ife kọfí síwájú mi, pé kí n lọ sinmi. Ó rò pé mò ń tòògbé ni! Mo ní kí réwáyà kan ní Kàbà bá mi pa á. Ariwo ti dákẹ́. Kọfí ṣì ń yọjú.