Kí la ó máa pe ohun tí aràn pẹlẹbẹ ń tú síni lára?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Àbá mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ fún àwọn purotéènì tí aràn pẹlẹbẹ máa ń tú sára ẹni tí aràn náà bá ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pè é ní “oró aràn”. Ẹlòmíràn ní “itọ́ aràn”. Àbúrò wa tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní “amúaradàgbà aràn”. Mo ti gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò, n kò sì fara mọ́ ìkankan. Ó yẹ ká yan ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí òun làwọn tó ń ṣàlàyé àrùn fún aláìsàn yóò máa lò.

Ti amúaradàgbà kò gba àlàyé púpọ̀. Iṣẹ́ tí oúnjẹ ń ṣe lára ló bí orúkọ yẹn. Èyí tí à ń sọ yìí kì í mú ara ẹnikẹ́ni dàgbà. Ẹ jẹ́ ká fi amúaradàgbà sílẹ̀ fún oúnjẹ, ká máa pe èyí ní purotéènì.

“Itọ́” dùn létí, ṣùgbọ́n ẹnu ni itọ́ ti ń wá. Aràn pẹlẹbẹ gígùn tó ń gbé inú ìfun kò lẹ́nu, kò sì ní ìfun tirẹ̀. Awọ ara rẹ̀ ló fi ń gba oúnjẹ, ibẹ̀ náà ni nǹkan ń gbà jáde. Ẹyin aràn náà kò lẹ́nu. Aràn ẹ̀dọ̀ tó ń bá àgùntàn àti màlúù jà, Fasciola hepatica, ní ẹnu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun inú ìfun rẹ̀ ló máa ń bì síta. Inú rẹ̀ ni cathepsin L wà, ẹ́ńsáìmù kan (ìyẹn purotéènì tó ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá) tó lè gé àwọn purotéènì tí ara fi ń gbógun ti àrùn sí wẹ́wẹ́. Èébì nìyẹn, kì í ṣe itọ́.

Orí “oró” ni mo fẹ́ dúró lé, torí ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n kò kéré. Ẹ wo Schistosoma, aràn inú ẹ̀jẹ̀ tí Theodor Bilharz kọ́kọ́ rí ní Cairo ní 1851, tí ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ń fa àtọ̀sí ajá. Ọmọ rẹ̀ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi máa ń tú ẹ́ńsáìmù sí awọ ènìyàn kó lè rí ọ̀nà gbà, á já ìrù rẹ̀ sílẹ̀, á wọlé. Bó bá dàgbà, takọtabo á jọ máa gbé inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Abo Schistosoma mansoni kan lè yé ẹyin bí 300 lójúmọ́, nǹkan bí ìdajì wọn kì í sì í rí ọ̀nà jáde: wọ́n á há sí ara ìfun, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ gbé wọn lọ sínú ẹ̀dọ̀. Ẹyin tó há yìí ń tú omega-1 jáde, purotéènì tó ń gé RNA (ohun tó ń gbé ìlànà ṣíṣe purotéènì kiri nínú sẹ́ẹ̀lì), tó sì lè pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mọ, oró ni.

Ṣùgbọ́n omega-1 yìí kan náà máa ń wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara, á sì darí irú ìjà tí ara yóò jà. Purotéènì kejì láti inú ẹyin, IPSE, máa ń lẹ̀ mọ́ IgE, ọ̀kan lára àwọn purotéènì tí ara fi ń gbógun ti àrùn, lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kan tó ń jẹ́ basophil, á mú kó tú interleukin-4 jáde, ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Sẹ́ẹ̀lì á wá rọ́ wá yí ẹyin ká, wọ́n á di kókó. Kókó yẹn ń dí omega-1 lọ́nà kó má lè pa ẹ̀dọ̀. Nínú eku tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀ ló máa ń jìyà rẹ̀. Bó bá sì yá, kókó náà ló ń di àpá líle nínú ẹ̀dọ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nínú irú eku bẹ́ẹ̀, ẹyin tó ń bá ìgbẹ́ jáde máa ń dín kù gan-an. Ẹyin nílò ìjà ara kó tó lè la ìfun kọjá. Ó ń bẹ ara wa lọ́wẹ̀! Oró wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Opisthorchis viverrini tún wà ní Thailand, aràn tó ń gbé ọ̀nà òróòro. Ó ń tú purotéènì kan tó ń jẹ́ granulin jáde, tó jọ granulin inú ara tiwa, tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i, tó sì ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ tètè jinná. Ìpọ̀sí i yẹn, bó bá pẹ́, wà lára ohun tó ń ti sẹ́ẹ̀lì sọ́nà jẹjẹrẹ. Láti 1994 ni IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa jẹjẹrẹ, ti ka aràn náà mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ohun tó ń wo ọgbẹ́ sàn ni a fẹ́ pè ní oró yìí o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò.

Àbá tèmi ni “àtújáde aràn”. Ó gba ti ẹnu, ti awọ, ti ẹyin, kò sì dá ẹjọ́ rere tàbí búburú fún un. Ẹnìkan lè ní ó fẹ̀ jù, pé ìgbẹ́ aràn náà wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi iṣẹ́: àwọn onímọ̀ á fọ aràn, wọ́n á kó o sínú omi mímọ́, wọ́n á sì gba ohun tó bá jáde. Ó ṣòro láti ya ìgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára oje níbẹ̀, wọ́n kàn ń kà wọ́n pọ̀ ni.

“Olùgbàlejò” tí a ń lò fún ẹni tí aràn wà lára rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn bákan náà. Àlejò a máa kan ilẹ̀kùn, a sì máa padà sílé. Igi tí àfòmọ́ hù lé lórí kò ránṣẹ́ pè é. “Agbáfòmọ́” ni mo fi sílẹ̀ fún yín láti gbé yẹ̀ wò, fún ènìyàn, fún màlúù, àti fún ìgbín inú omi tí ọmọ Schistosoma ti kọ́kọ́ ń dàgbà. Ní ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dì yí ẹyin ká, ẹ má jẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ tuntun kankan sílẹ̀: “kókó ẹyin aràn” ti tó.