Ìfojúbù ni, kì í ṣe ìkàníye

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè,

Àbá tí ẹ̀gbọ́n wa kan mú wá ni pé kí a máa pe iye káàdì bésíbọ́ọ̀lù àtijọ́ (bébà líle kékeré tó ní àwòrán agbábọ́ọ̀lù, tí àwọn ènìyàn ń ṣà jọ) tó ṣì wà ní "ìkàníye", nítorí pé PSA, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń yẹ káàdì wò, ní àkọsílẹ̀ iye tí ẹnikẹ́ni lè wò. Mo bọ̀wọ̀ fún àbá náà, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn, nítorí pé iye ìgbà tí wọ́n yẹ káàdì wò ni àkọsílẹ̀ yẹn ń kà, kì í ṣe káàdì gan-an. Bí wọ́n bá fún káàdì ẹnì kan ní máàkì 7 nínú 10, tí kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè fọ́ ike tí wọ́n fi dì í, kí ó tún fi káàdì náà ránṣẹ́ bóyá wọn yóò fún un ní 8. Bí kò bá dá ìwé pélébé inú ike àkọ́kọ́ padà, káàdì kan ṣoṣo ti di méjì nìyẹn. Èyí tó wà nínú àpótí ẹni tí kò fi tirẹ̀ ránṣẹ́ rí kò sì sí níbẹ̀ rárá. "Iye àyẹ̀wò" ló yẹ kí a máa pè é.

Àwọn mìíràn ní kí a lo "ìméfò". Ẹni tó ń méfò kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ wo káàdì Honus Wagner, agbábésíbọ́ọ̀lù ará Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ káàdì tí wọ́n ń pè ní T206, tí American Tobacco Company fi sínú páálí sìgá láti 1909 sí 1911, tí wọ́n tètè dá títẹ̀ rẹ̀ dúró: àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń fojú bù ú sí 50 sí 60. Igun tó ká, ojú ibi tí káàdì ti ṣẹ́ po àti àbàwọ́n ni wọ́n fi ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ nínú àwòrán ọjà gbàǹjo, kí wọ́n má baà ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń padà jáde ṣáá, a jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù ní ìkọ̀kọ̀. Ìfojúbù gidi nìyẹn, bí àgbẹ̀ ṣe ń fojú bu iye àpò àgbàdo tí oko yóò mú jáde.

Ìfojúbù sì máa ń yí. Ní 2012, ìdílé kan ní Defiance, ní ìpínlẹ̀ Ohio, rí nǹkan bí 700 káàdì láti inú ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní E98, ti nǹkan bí ọdún 1910, lórí àjà ilé bàbá wọn àgbà, gbogbo iye tí àwọn olùṣàkójọ ti gbà gbọ́ nípa ọ̀wọ́ náà sì di àtúnṣe.

Ó ku "àṣẹ́kù", tí ọ̀pọ̀ yín fẹ́ràn. Lẹ́nu àwọn oníṣòwò, àṣẹ́kù ni ọjà tí a kò rí tà. Àṣẹ́kù káàdì tí ilé-iṣẹ́ Topps tẹ̀ ní 1952 gan-an ni Sy Berger, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ròyìn pé àwọn dà sínú òkun Àtìláńtíìkì ní 1960, nítorí náà orúkọ àwọn tó ṣègbé ni yóò máa jẹ́ fún àwọn tó yè. "Ìfojúbù iye tó ṣì wà" ni mo dábàá kí ó wọ inú àkójọ ọ̀rọ̀ wa.